Ọlidé gígùn n'Ìbàdàn: ìtàn gbígbọ́ nílé-ìkàwé, ìwé yíyá, lẹ́sìn tàbí àpótí ìwé àdúgbò, èwo ló bá ọmọ yín mu?

Ọ̀sẹ̀ 6 sí 7 ni ọlidé gígùn máa ń gbà, láti ìparí oṣù Keje títí wọ inú oṣù Kẹsàn-án. Fún ọmọ tó ti ń kàwé geere, kò sí wàhálà púpọ̀ níbẹ̀. Àmọ́ fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so lẹ́tà pọ̀ di ọ̀rọ̀ ní pírámárì 1 tàbí 2, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bà ni, kò tíì mọ́ ọn lára. Bí kò bá fojú kan ìwé títí ilé-ìwé á fi wọlé, ọ̀rọ̀ tó ń kà wàrà lóṣù Keje, yóò tún máa sípẹ́lì rẹ̀ lóṣù Kẹsàn-án. Ìdí nìyí tí àwọn ilé-ìkàwé káàkiri ayé fi ń ṣètò ìwé kíkà fún ọmọdé lásìkò ìsinmi. Láti ìparí ọ̀rúndún 19 ni wọ́n ti ń ṣe é ní Amẹ́ríkà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1999 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ Summer Reading Challenge tiwọn: ọmọ á yá ìwé 6 nílé-ìkàwé, á sì kà wọ́n tán kí ìsinmi tó parí.

N'Ìbàdàn, ọ̀nà mẹ́rin ló sábà máa ń wà níwájú òbí. Ẹ lè máa gbé ọmọ lọ síbi tí wọ́n ti ń ka ìtàn fún àwọn ọmọdé nílé-ìkàwé. Ẹ lè forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kó máa yá ìwé wálé. Ẹ lè fi í sí lẹ́sìn, ìyẹn ẹ̀kọ́ àfikún tí tíṣà ń kọ́ ọmọ lásìkò ọlidé. Ẹ sì lè bá àwọn aládùúgbò kó ìwé jọ sínú àpótí kan, kí àwọn ọmọ máa kà á láàárín ara wọn. Kò sí èyí tó burú nínú wọn, àmọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kì í ṣe ọ̀kan náà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣì í yàn.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Ohun àkọ́kọ́ ni ibi tí ìwé kíkà ọmọ dé. Ẹ má fi ọjọ́ orí rẹ̀ nìkan ṣe é. Ẹ fún un ní ìwé tí kò rí rí, kó ka ojú ewé kan sókè, kó máa ká ìka kan fún gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò bá mọ̀. Bí ìka 5 bá ti ká kó tó parí ojú ewé náà, ìwé yẹn le jù fún un láti dá kà. Bí ó bá jẹ́ 2 tàbí 3, ó bá a mu. Bí kò bá ká ìka kankan, ìwé ìgbádùn ni, kò sì sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Bí ìwé Yorùbá bá ni, ẹ ṣe sùúrù díẹ̀ kí ẹ tó ka ìka fún un. Ọmọ tó pe "ọkọ̀" bí "ọkọ́" lè má ṣàìmọ ọ̀rọ̀ náà rárá. Àmì ohùn ni kò tíì fara balẹ̀ wò. Ẹ jẹ́ kó ka gbólóhùn náà dé òpin. Bó bá fúnra rẹ̀ padà tún un pè, ó mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Ìkejì ni èdè. Ọmọ Bẹẹrẹ tàbí Ọjẹ́ tó ń sọ Yorùbá bí omi lè kọ́kọ́ kàwé ní Yorùbá, kó sì ti ibẹ̀ bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dọ̀ ọmọ Bódìjà tàbí Akóbọ̀ tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ sí i tọ̀sán-tòru, òdìkejì rẹ̀ ló sábà máa ń rí: ó mọ̀ ọ́n kà, àmọ́ Yorùbá ò yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ètò kan náà ò lè tọ́ àwọn méjèèjì lọ́nà kan náà. Ẹ béèrè èdè tí wọ́n fi ń kàwé níbẹ̀ kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀.

Ìkẹta, ṣé ìwé ń bá ọmọ lọ sílé, ṣé ọmọ fúnra rẹ̀ ló sì ń yàn án? Èmi ò rí ohun tó ju èyí lọ nínú gbogbo ìwọ̀n tí a ń wọ̀n yìí. Ní 2010, Richard Allington àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde láti Florida ní Amẹ́ríkà. Wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ tálákà fúnra wọn yan ìwé 12 lọ́dọọdún, kí wọ́n gbé e lọ sílé fún ìsinmi, fún ọdún 3 léra. Ìwé kíkà àwọn ọmọ wọ̀nyẹn dára ju ti àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kò rí ìwé gbà lọ. Kò sí tíṣà kankan tó ń bá wọn lọ sílé. Ìwé tó wù wọ́n ni wọ́n gbé lọ.

Ìkẹrin ni owó, ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ ka owó ọkọ̀ àti àkókò àgbàlagbà tó máa tẹ̀lé ọmọ mọ́ ọn. Ìkarùn-ún ni bóyá ètò náà ṣeé gbọ́kàn lé: ṣé lọ́sẹ̀ tí iná ò sí, tí òjò rọ̀, tí ẹni tó ń kàwé lọ sí ìnáwó, ó ṣì máa wáyé?

Ìtàn gbígbọ́ ní yàrá àwọn ọmọdé

Ilé-ìkàwé ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó wà ní Dùgbẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ òbí. Nínú Yunifásítì Ìbàdàn náà, Abadina Media Resource Centre wà níbẹ̀ láti àwọn ọdún 1970, ti ọmọdé sì ni. Ẹ má gbé ọmọ kékeré lọ sí Kenneth Dike, ilé-ìkàwé ńlá yunifásítì náà o. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni ibẹ̀ wà fún. Ibi yòówù kí ẹ fẹ́ lọ, ẹ kọ́kọ́ dá lọ lọ́jọ́ kan ní oṣù Keje, kí ẹ béèrè ọjọ́ àti aago tí wọ́n máa lò lọ́lidé ọdún yìí. Ètò ọmọdé máa ń yí padà láti ọdún dé ọdún, ẹ má gbára lé ohun tí ẹnì kan sọ fún yín lọ́dún tó kọjá.

Bí ẹ bá débẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n ń kàwé, ìṣẹ́jú 10 tó láti mọ̀ bóyá iṣẹ́ ń lọ. Ẹ wo ibi tí ẹni tó ń kàwé jókòó sí. Bí ó bá kẹ̀yìn sí fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ ló ń ta sójú àwọn ọmọ, òjìji ni àwòrán inú ìwé á jẹ́ lójú wọn. Ògiri ló yẹ kó kẹ̀yìn sí, lórí àga kúkúrú, kí ojú ìwé lè wà ní ìwọ̀n ojú ọmọ tó jókòó lórí ẹní. Ẹ wo bí ó ṣe di ìwé mú: ọwọ́ kan nísàlẹ̀ ìwé, àwòrán kọjú sí ọmọ ní gbogbo ìgbà, òun fúnra rẹ̀ ń yọjú wo ọ̀rọ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó ń ka ojú ewé tán kó tó yí àwòrán sí ọmọ ò tíì ka ìwé yẹn nílé kó tó wá. Bí ọmọ tó wà lẹ́yìn ẹní bá ń dìde dúró kó tó lè ríran, ìwé náà ti kéré jù fún èrò tó wà níbẹ̀. Ọmọ bíi 15 sí àgbà kan ṣì dára. Bí wọ́n bá ti lé ní 25, eré ni àwọn tó wà lẹ́yìn ń ṣe.

Ìṣẹ́jú 30 sí 40 ló tó fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 7. Èyí tó dára máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àlọ́ àpamọ̀ fún bíi ìṣẹ́jú 5. "Awẹ́ obì kan, à-jẹ-dọ́yọ̀ọ́, kí ni o?" Gbogbo yàrá á gbá a: "Ahọ́n!" Olùkàwé tó mọṣẹ́ ò ní í jẹ́ kó parí síbẹ̀. Yóò kọ "ahọ́n" sára pátákó lójú wọn. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo ọ̀rọ̀ yẹn tán ti mọ ohun tó wà lára pátákó kó tó kà á, bí ìwé kíkà ṣe ń wọlé sí ọmọ lára nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni ìwé àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú 10 sí 12. Orin á tẹ̀ lé e, tàbí àlọ́ àpagbè tí ègbè rẹ̀ kúrú. Ègbè yìí ṣe pàtàkì. Ọmọ á gbè é tó ìgbà 5 tàbí 6 kí ìtàn tó parí, á ti há a sórí. Bí wọ́n bá wá tẹ ègbè náà sínú ìwé tí ọmọ lè mú lọ́wọ́, ìlà yẹn ni yóò kọ́kọ́ dá kà láyé rẹ̀. Ìwé kejì a máa kúrú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n fún àwọn ọmọ ní ìṣẹ́jú mélòó kan kí wọ́n fọwọ́ ara wọn tú ìwé wò lórí pẹpẹ.

Ẹ tún fetí sí ìbéèrè. Ìwádìí Grover Whitehurst àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1988 fi hàn pé ọmọ kékeré tí òbí ń bi ní ìbéèrè bó ṣe ń kàwé fún un, tó ń jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ìtàn, máa ń mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ ju ọmọ tí wọ́n kàn ń kàwé sí létí lọ. Àmọ́ ìbéèrè wà, ìbéèrè sì wà. "Ṣé ẹ gbọ́ ìtàn yẹn?" kì í ṣe ìbéèrè, "Bẹ́ẹ̀ ni mà!" ni gbogbo wọn máa dáhùn. "Kí lẹ rò pé Ìjàpá máa wí fún Yáníbo tó bá délé?" Ìyẹn ni ìbéèrè.

Ohun tó sábà máa ń ba ètò yìí jẹ́ ni pípa gbogbo ọmọ pọ̀. Ọmọ ọdún 3 àti ọmọ ọdún 10 ò lè gbọ́ ìtàn kan náà: èyí kékeré á fẹ́ lọ tọ̀, èyí ńlá á máa sọ òpin ìtàn kó tó dé. Bí wọ́n ò bá pín wọn, ẹ má ṣe fi ọmọ tó ti lé ní 8 síbẹ̀, yóò sú u. Ìkejì ni ariwo. Jẹnẹrétọ̀ tó wà lábẹ́ fèrèsé ń bo ohùn olùkàwé mọ́lẹ̀, òjò lórí páànù náà ń bò ó. Oṣù Kẹjọ máa ń tutù n'Ìbàdàn, òjò rẹ̀ kì í sì í pọ̀ tó ti oṣù Keje àti Kẹsàn-án, nítorí náà ètò tí wọ́n fi àárín oṣù Kẹjọ ṣe ni òjò kì í sábà dà rú.

Ní ti owó, ilé-ìkàwé ìjọba kì í sábà gba owó gọbọi lórí ìtàn gbígbọ́. Ọkọ̀ ni ìnáwó wà. Ká ní ọkọ̀ Máíkírà láti ilé yín dé Dùgbẹ̀ jẹ́ ₦700 fún ẹnì kan. Àgbà kan àti ọmọ kan, àlọ àti àbọ̀, ₦2,800 nìyẹn lẹ́ẹ̀kan. Fún ọ̀sẹ̀ 6, ó di ₦16,800. Bí ọmọ bá jẹ́ méjì, ₦25,200. Ẹni tó ń bọ̀ láti Mọ́kọ́lá kò ní ìṣòro. Ẹni tó ń bọ̀ láti Mọníyà tàbí òdìkejì Akóbọ̀ yóò fi odindi àárọ̀ ṣòfò sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ nítorí ìṣẹ́jú 40, ọmọ á sì ti sùn kó tó débẹ̀.

Ìwé yíyá fún ọlidé

Níbí, ọmọ á forúkọ sílẹ̀, á yá ìwé, á kà á nílé, á dá a padà, á sì gba òmíràn. Àwọn ilé-ìkàwé kan máa ń fún ọmọ ní káàdì kékeré tí wọ́n ń tẹ òǹtẹ̀ sí; bí tiyín ò bá ṣe é, ìwé eléwé 40 kan tó.

Ẹ tètè forúkọ sílẹ̀, kí ọlidé tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń fa ìdádúró kì í ṣe fọ́ọ̀mù, oníduùró ni: ẹ ó wá ẹni tí yóò buwọ́ lù ú, òun náà ò sì sí nílé nígbà tí ẹ nílò rẹ̀. Ẹ mú fọ́tò pásípọ́ọ̀tù 2 ti ọmọ dání, àti fótókọ́pì káàdì ìdánimọ̀ yín. Ní kántà, ẹ béèrè ohun mẹ́rin: ìwé mélòó lọmọ lè gbé lẹ́ẹ̀kan, ọjọ́ mélòó, èló ni owó ìtanràn bí ó bá pẹ́, kí ni wọ́n ń ṣe bí ìwé bá ya. Ẹ sì rí i dájú pé wọ́n ń jẹ́ kí ọmọdé gbé ìwé jáde rárá. Àwọn ibòmíràn wà tó jẹ́ pé inú ibẹ̀ nìkan lọmọ ti lè kà á. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ètò mìíràn gbáà ni, ẹ tún owó ọkọ̀ yín ṣírò.

Nígbà tí ẹ bá dé iwájú pẹpẹ, ẹ fi ọwọ́ sẹ́yìn. Mo mọ̀ pé ó ṣòro. Ìwé ìṣirò àti ti ìdánwò àṣewọlé ni ojú òbí máa ń lọ sí, ọmọ á gbé e délé, á gbé e sílẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì á lọ. Bí wọ́n bá gba ìwé 3, ẹ pín in báyìí: ọ̀kan tó rọrùn fún un, ọ̀kan tó ká ìka 2 tàbí 3 lójú ewé kan, ọ̀kan tó le, tí ẹ̀yin fúnra yín máa kà fún un lálẹ́. Ẹ jẹ́ kí òun yan méjì àkọ́kọ́. Bó bá jẹ́ ìwé ẹranko ló gbé nígbà mẹ́ta léra, kò sí ohun tó ṣe é.

Ìṣẹ́jú ni kí ẹ máa kà, ẹ má ka iye ìwé. Bí ẹ bá ní ẹni tó bá ka ìwé tó pọ̀ jù ló máa gba ẹ̀bùn, ìwé pẹlẹbẹ elewé 16 ni ọmọ máa ń kó, òmíràn á ka àkọlé ẹ̀yìn ìwé, á ní òun ti parí. Ìṣẹ́jú 20 lóòjọ́, ọjọ́ 6 lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 6: ìṣẹ́jú 720 nìyẹn, wákàtí 12 gbáko. Nínú ìwé àkọsílẹ̀, kí ó kọ ọjọ́, orúkọ ìwé, ojú ewé tó bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó dé, kó wá ya àwòrán kan tàbí kó kọ gbólóhùn kan. Lẹ́yìn náà, ẹ pa ìwé dé, kí ó fi gbólóhùn 3 sọ ohun tó kà. Bó tilẹ̀ jẹ́ ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ ní Yorùbá bó bá jẹ́ ìyẹn ló yá a lẹ́nu. Ọmọ tó lè fi èdè rẹ̀ sọ ìtàn tó kà ní Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ ohun tó kà. Ọmọ tó ń ka gbólóhùn inú ìwé bó ṣe wà gẹ́lẹ́ padà fún yín ò tíì gbọ́ ọ.

Ẹ̀bùn ìparí: ìwé ni kó jẹ́, kì í ṣe owó.

Ìwé ilé-ìkàwé kì í sábà sọnù síta, inú ilé ló ń sọnù sí, lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì tàbí nínú báàgì ilé-ìwé tí wọ́n ti sọ sórí wọ́dúróòbù. Ẹ kan ìṣó kan sára ògiri, ẹ fi báàgì kan kọ́ ọ, kí ìwé tí a yá má ṣe ní ibùgbé mìíràn. Bí ojú ewé bá ya, ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Ó máa ń gbẹ, á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, á sì tún fa ìwé náà ya níbòmíràn. Ẹ kó awẹ́ tó ya pọ̀ sínú ìwé náà, kí ẹ fi hàn wọ́n ní kántà. Wọ́n fẹ́ràn òbí tó sọ òtítọ́ ju èyí tó tún un ṣe lọ.

Lẹ́sìn

Bí a bá ń wo ohun tó ṣeé gbọ́kàn lé, lẹ́sìn ló lékè. Láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Ẹtì, nítòsí ilé, òjò ìbáà rọ̀, ẹnì kan wà tó ń mójú tó ọmọ títí ẹ fi máa dé láti ọjà tàbí ibiṣẹ́. Ohun tí òbí nílò gan-an nìyẹn, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi bú òbí tó yàn án.

Àmọ́ ẹ má pè é ní ètò ìwé kíkà tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ táàmù tó ń bọ̀ ni ọ̀pọ̀ lẹ́sìn ń kọ́ ọmọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn: ìwé ìtàn mélòó lẹ ní? Ìgbà mélòó lọ́sẹ̀ lọmọ ń mú un lọ́wọ́? Bí ìdáhùn bá jẹ́ "wọ́n ń ṣe comprehension", àyọkà kúkúrú àti ìbéèrè 5 nìyẹn, ọmọ á sáré wá ìdáhùn nínú rẹ̀ láìka àyọkà náà tán. Ó dára fún ìdánwò, kò sì fi ìfẹ́ ìwé sọ́kàn ẹnikẹ́ni. Bí ó bá jẹ́ lẹ́sìn nìkan ló ṣeé ṣe fún yín, ẹ fi ìṣẹ́jú 20 alẹ́ kún un.

Àpótí ìwé àdúgbò

Èyí ni mo fẹ́ kí àwọn tó jìnnà sí Dùgbẹ̀ fojú sí dáadáa. Ìdílé 4, ìwé 4 láti ọ̀dọ̀ ìdílé kọ̀ọ̀kan, ìwé 16 nìyẹn nínú páálí kan. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé, aago 4, àwọn ọmọ á jókòó sí fàráńdà ẹnì kan. Àgbà kan á ka ìtàn kan sókè fún ìṣẹ́jú 20, ọmọ kọ̀ọ̀kan á sì yan ìwé méjì lọ sílé. Ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan á wà tí wọ́n ń kọ orúkọ sí. Ó tán. Kò sí owó ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí kò tíì mọ̀ ọ́n kà á máa jókòó ti àwọn tó mọ̀ ọ́n kà.

Ìbàdàn kò ṣàìní ìwé ọmọdé. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé tó wà ní Jẹ́ríkò ń tẹ̀ ẹ́, ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹ bá ń ra àlòkù létí ọ̀nà, ẹ kọ́kọ́ ṣí àárín ìwé gan-an, níbi tí pín-ìn-nì ti gún un. Ibẹ̀ ni ewé ti máa ń já jáde, ẹ wo bóyá nọ́ńbà ojú ewé tẹ̀ léra wọn. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Èyí tó ń rùn bí ilé tí wọn ò ṣí ti ní èébu nínú, yóò kó o ran àwọn yòókù nínú páálí, pàápàá lásìkò òjò. Ẹ gbé páálí sórí bíríkì méjì, kúrò lára ògiri, nítorí ọ̀rinrin àti ikán.

Pín-ìn-nì ìwé pẹlẹbẹ máa ń dípẹtà, ìpẹtà náà ló ń já ìwé ní ẹ̀yìn. Ẹ tú u kúrò, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ àti òwú tó nípọn rán an. Ẹ lu ihò 3 sí àárín ibi tí ìwé ti ṣẹ́po: ọ̀kan láàárín, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Láti inú ìwé, ẹ ti abẹ́rẹ́ jáde ní ihò àárín, kí ẹ sì fi ìrù òwú bí ìka kan sílẹ̀ nínú. Ẹ wọlé ní ihò òkè. Ẹ fa òwú gba inú ìwé sọ̀kalẹ̀, kí ẹ jáde ní ihò ìsàlẹ̀. Ẹ tún wọlé ní ihò àárín. Ìrù òwú méjèèjì á wà nínú báyìí. Ẹ fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ òtún àti òsì òwú gígùn tó gba àárín kọjá, kí ẹ so wọ́n pọ̀ lé e lórí, kí ẹ sì gé e. Ìṣẹ́jú 5 ni, ìwé yẹn á sì tún lò fún ìgbà pípẹ́.

Ohun tó ń pa àpótí àdúgbò ni pé ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń dá a ṣe. Ọ̀sẹ̀ tí ẹni náà bá rin ìrìn-àjò, ó parí. Kí ẹni méjì pín in láti ìbẹ̀rẹ̀. Èkejì ni pé ní ọ̀sẹ̀ kẹta, àwọn ọmọ tó ń kàwé yára á ti ka gbogbo rẹ̀ tán. Ẹ wá àdúgbò mìíràn tó ní páálí tirẹ̀, kí ẹ fi páálí ṣe pàṣípààrọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kù.

Fóònù lè ràn án lọ́wọ́. African Storybook ní ìtàn ọmọdé ní Yorùbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ jáde, kí ẹ ṣẹ́ ẹ po, kí ẹ rán an bí mo ṣe ṣàlàyé. Àmọ́ ẹ má fi ọmọ àti fóònù nìkan sílẹ̀ kí ẹ máa pè é ní ìwé kíkà. Géèmù ló máa bọ́ sí.

Ta ni kó mú èwo

Ọmọ ọdún 3 sí 6 tí ilé rẹ̀ ò jìnnà sí ilé-ìkàwé tó ń ka ìtàn: ìtàn gbígbọ́ ni, ẹ má ṣiyèméjì. Bó bá jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ń gbọ́ nílé, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń pa àlọ́ pẹ̀lú ègbè, kódà bí ibẹ̀ bá jìnnà díẹ̀ jù, nítorí Yorùbá tó máa gbọ́ níbẹ̀ kò sí lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ọmọ tó ti lè dá ka ojú ewé kan, ìbáà ṣe ọdún 7 tàbí 10, ìwé yíyá ni. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì péré lẹ máa lọ sí Dùgbẹ̀, ìyẹn ìgbà 3 nínú ọ̀sẹ̀ 6. Pẹ̀lú ₦700 tí a fi ṣírò lẹ́ẹ̀kan, ₦8,400 ni ọkọ̀ àgbà kan àti ọmọ kan. Ìdajì owó ìtàn gbígbọ́ nìyẹn, ìwé sì wà nílé lójoojúmọ́.

Ọmọ tó ti wọ pírámárì 4 tí kò tíì lè kàwé dáadáa ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dùn mí jù, torí ibi tó bá a mu kì í ṣe ibi tí ojú ò ti ní tì í. Bí ẹ bá fi í sáàárín àwọn ọmọ ọdún 5 tó ń gbọ́ ìtàn, yóò kọ̀. Ẹ fi í ṣe ẹni tó ń ka ìwé fún àwọn kékeré níbi àpótí àdúgbò. Ẹ fún un ní ìwé tó rọrùn lọ́jọ́ Ajé, kó kà á lójoojúmọ́ títí dé Sátidé, kó wá kà á fún wọn. Ìwé àwọn kékeré ni, ojú ò ní tì í, àmọ́ yóò ti kà á tó ìgbà 5 kó tó débẹ̀.

Òbí tó wà lọ́jà láti àárọ̀ dé alẹ́ kó mú lẹ́sìn, kó fi àpótí Sátidé kún un. Àwọn tó wà ní Mọníyà, Akóbọ̀ tàbí lẹ́yìn Àpáta kó bẹ̀rẹ̀ láti inú àpótí, kí wọ́n sì gbé ọmọ lọ sí ilé-ìkàwé ní ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì péré láàárín ọlidé, láti yá ìwé tí páálí wọn kò ní.

Èyí yòówù kí ẹ yàn, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ bi ọmọ ní ohun kan ṣoṣo: "Ìwé wo lo fẹ́ kà lẹ́yìn èyí?" Bó bá ní ìdáhùn, ẹ jẹ́ kó máa bá a lọ. Bó bá wo yín lójú, tí kò rí nǹkan sọ, ẹ má bá a jà. Ẹ pààrọ̀ ètò náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣì kù.